Àwọn Oníṣègùn Bọ́ílà

Ní Scranton wa níbí, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin tí kò bá lè sọ ohun tó ń ṣe bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú ilé rẹ̀ móoru, kò tíì di ọkùnrin. Ìdí nìyí tí Clem ọkọ mi fi kọ̀ láti pe oníṣẹ́ nígbà tí òtútù fẹ́ pa wá nínú ilé ìyá mi, níbi tí gbogbo wa ń gbé. Fiore aládùúgbò wa ló pè. Àwọn méjèèjì gbé bíà sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré lójú mi. Caz ẹ̀gbọ́n mi ti búra pé bí ilé kò bá móoru kí òun tó dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òun á gbé Màmá lọ sí Florida, níbi tí òtútù kì í ti í mú. Màmá kórìíra Florida. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ń kó arúgbó pamọ́ sí bí ẹ̀wù tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá. Ẹ̀rù ń bà mí, torí n kò mọ bí mo ṣe máa gbé ilé yẹn láìsí i.

Mo yọjú sí wọn nísàlẹ̀. Fiore fi sípánà gbá bọ́ílà lára, ó dẹ etí sí i.

"Bàbá mi máa ń sọ pé tó bá ti dún báyìí, agbára ni kò tó o."

"Bàbá tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀," ni Clem wí. "Fi kún un jàre!"

Wọ́n fi kún un. Bọ́ílà bú ramúramù, páìpù ń lu gbàgà-gbàgà, rédíétọ̀, irin tó ń gbé ooru bọ́ílà wọ inú àwọn yàrá lókè, sì tutù nini. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀, tí wọ́n ń pa làpálàpá.

Màmá na ọrùn láti orí àtẹ̀gùn. "Clem, rédíétọ̀ tèmi ò súfèé mọ́ o. Látìgbà tó o ti kùn wọ́n lọ́dà..."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó. Iṣẹ́ ọkùnrin nìyí."

"Ó dáa," ni Màmá wí.

Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, mo tẹ̀ lé e. Ó mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ọ̀dà fàdákà tí Clem fi ṣe rédíétọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ti dí ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Bí afẹ́fẹ́ ò bá sì jáde, ooru ò ráyè wọlé. Màmá ha ọ̀dà náà kúrò, ó fi abẹ́rẹ́ gún ihò náà. Rédíétọ̀ súfèé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣe tàwọn yòókù," ni mo wí.

"Àwọn ọkùnrin ń ṣe é lọ́wọ́."

Inú ti ń bí mi sí Clem tẹ́lẹ̀. Mo gbé pílò mi, mo kó wọ yàrá Màmá.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Caz wọlé pẹ̀lú àpótí ńlá. Ó bá Clem nínú kóòtù àti fìlà onírun, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Ó tó gẹ́ẹ́!" ni Caz pariwo. "Màmá, ẹ di ẹrù yín!"

Ó ṣílẹ̀kùn yàrá Màmá. Ooru gbá a lójú. Màmá wà nínú ẹ̀wù aláìlápá, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀. Ó wo àpótí náà, ó sì wo Clem tó ń gbọ̀n lẹ́yìn Caz.

"Caz ọmọ mi, o ṣeun tó o wá. Òtútù ti wọ ọkọ àbúrò ẹ léegun. Tètè máa gbé e lọ."