Irin Abẹ́ Igi Máńgòrò

Ẹni tó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Rùkáyà ní Òkè-Fìà kò nílò aago kó tó mọ ohun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé Alhaji Àkànó ń ṣe lọ́wọ́. Irin kan wà níbẹ̀, abala irin ojú-ọ̀nà rélùwéè àtijọ́, tí bàbá Alhaji gbé bọ̀ wálé nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Wọ́n fi ṣéènì so ó kọ́ sára igi máńgòrò àárín ọgbà. Bí wọ́n bá fi òòlù lù ú, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Àwọn ọlọ́kadà a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé irin yẹn lè jí òkú. Rùkáyà kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Bó bá ti gbọ́ ọ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró lórí màṣíìnì, ọkàn rẹ̀ á sì lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Ikhlas ni ọmọ náà ń jẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà. Etí rẹ̀ kò dí. Ó gbọ́ràn ju bó ṣe yẹ lọ ni. Ariwo tí àwa yòókù ń gbọ́ tí a sì ń bá tiwa lọ, bí ìgbà tí wọ́n gbá a létí ló rí lára tirẹ̀. Kì í ṣe ariwo nìkan. Lébẹ́ẹ̀lì inú ọrùn aṣọ lè dà á láàmú títí á fi bọ́ aṣọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, Rùkáyà fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó sì kó gbogbo ojú ìrán síta kó má baà kàn án lára. Àwọn oníbàárà á wo ọmọ, wọn á wo ìyá, wọn á ní ẹ wo télọ̀ tí ọmọ tirẹ̀ wọ aṣọ sódì. Ó ti sú u láti máa ṣàlàyé.

Sáà àkọ́kọ́ burú. Bí irin bá ti dún, Ikhlas á sáré. Kì í wo ibi tó ń lọ. Lọ́jọ́ kan, ó sá gba géètì kọjá bọ́ sí títì, ọlọ́kadà kan sì ṣubú níbi tó ti ń yà fún un. Alhaji ránṣẹ́ pe Rùkáyà àti Mukhtar ọkọ rẹ̀, ó ní bí sáà kejì bá tún rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá mú ọmọ wọn kúrò. Ilé-ìwé méjì lẹ́bàá ilé wọn ní Dàda Estate ti kọ Ikhlas ṣáájú. Rùkáyà mọ̀ pé bí èyí bá kọ̀ ọ́, ilé ni ọmọ náà máa jókòó sí.

Àǹtí Julianah, tíṣà kíláàsì Ikhlas, ló gbà wọ́n sílẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ni, láti Iléṣà, èdè Ìjẹ̀ṣà sì máa ń yọ lẹ́nu rẹ̀ bí inú bá ń bí i. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun rí bí Ikhlas gẹ́lẹ́. Ó sọ fún ọmọ tó ń lu irin pé kò gbọ́dọ̀ lù ú láìjẹ́ pé òun ti na ọwọ́ sókè. Kó tó nawọ́, Fáìzàh tó ń jókòó ti Ikhlas á rọra fọwọ́ kan tábìlì rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì wọ sítọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó ẹní sí. Gèlè àǹtí wà níbẹ̀, Ikhlas á fi wé etí, Fáìzàh á ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, wọn kò ti ilẹ̀kùn mọ́. Nígbà tó tún yá, ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀ ni Ikhlas ń dúró sí, ọwọ́ létí, ojú fífún pọ̀, àmọ́ kò sáré. Lọ́jọ́ kan tí Rùkáyà ń dáná, ó gbọ́ tí ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ kọjá gbólóhùn méjì ń kọ orin ilé-ìwé ní pálọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó jókòó sórí àpótí nílé ìdáná, ó sunkún ayọ̀.

Alhaji Àkànó kì í ṣe èèyàn burúkú. Ká ní èèyàn burúkú ni, Rùkáyà ì bá tètè fura. Ó fẹ́ràn ọmọ, ó sì fẹ́ràn irin bàbá rẹ̀, kò sì yé e bí ọmọ kan ṣe máa wá sá fún un ní ilé-ìwé òun. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ó tún pe tọkọtaya náà sí ọ́fíìsì rẹ̀. Alhaji ló kọ́ Mukhtar ní ìwé mẹ́fà, nítorí náà, bí Mukhtar ṣe jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó yìí, bó bá ti dé iwájú Alhaji, ọmọdé ló ń dà. Alhaji fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní iṣẹ́ Àǹtí Julianah dára, ṣùgbọ́n ó ń kẹ́ ọmọ náà jù. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, òun bẹ̀rù omi, bàbá òun sì gbé òun sọ sínú odò, láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù tán. Kò sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó kàn ní ó kù díẹ̀, wọn á rí i.

Inú Rùkáyà sọ ọ́ fún un pé kó béèrè. Ó tiẹ̀ ti la ẹnu. Àmọ́ báwo ni èèyàn ṣe ń wo ojú ẹni tó kọ́ ọkọ rẹ̀ níwèé, kó ní kó ṣàlàyé ara rẹ̀? Orúnkún rẹ̀ ti kan ilẹ̀ kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ sì sọ ohun tí gbogbo òbí ń sọ bí tíṣà bá parí ọ̀rọ̀.

"Ọmọ yín ni, sà. Bó bá ṣe tọ́ lójú yín ni kí ẹ ṣe é."

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ lásán ni, bí ìgbà tí èèyàn ń pe àlejò wá jẹun nígbà tó jẹ́ pé òkèlè kan ló kù nínú abọ́. Mukhtar náà dọ̀bálẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Alhaji rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ara rẹ̀, jẹ́jẹ́: "Ọmọ mi ni." Rùkáyà ń gbọ́ ọ títí tó fi dé ilé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àǹtí Julianah yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ara bàbá òun kò yá ní Iléṣà, ó ti pẹ́ tí òun ti ń tọrọ àyè láti lọ wò wọ́n, ṣàdédé ni Alhaji pe òun lónìí pé kí òun máa lọ, kí òun má kánjú dé. Ó ní òun ti fi gbogbo nǹkan yé Fáìzàh. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaji, inú rẹ̀ ń dùn. Rùkáyà kí i pé ó dàbọ̀, àmọ́ nígbà tó padà sídìí màṣíìnì, kò rí òwú kì bọ ojú abẹ́rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ikhlas dúró sí ẹnu géètì, ó béèrè pé àǹtí ńkọ́. Rùkáyà ní ó ń bọ̀. Ọmọ náà wo igi máńgòrò, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì wọlé.

Àkókò ìsinmi kò tíì tó nígbà tí irin dún. Rùkáyà gbé orí sókè. Ohùn náà kò le bó ṣe máa ń le, ó rọ̀, bí ẹni pé ẹni tó lù ú kò mọ òòlù í mú. Ó tún dún. Ó tún dún. Oníbàárà tó ń wọn aṣọ lọ́wọ́ ní àbí iná ń jó nílé-ìwé ni. Irin náà kò dákẹ́, ó tilẹ̀ wá ń le sí i. Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ Rùkáyà. Kò wá bàtà. Ó fi ẹsẹ̀ lásán la àárín kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà kọjá, wọ́n ń bú u, kò gbọ́.

Gbogbo ọmọ ilé-ìwé wà lórí ìlà lábẹ́ igi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ nítorí pé wọ́n ní kí wọ́n máa pa á. Wọ́n gbé Ikhlas sórí bẹ́ǹṣì. Alhaji wà lẹ́yìn rẹ̀, òógùn bò ó, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ṣe kedere pé òun ló kọ́kọ́ di ọwọ́ ọmọ náà mọ́ òòlù. Ó ti jọ̀wọ́ rẹ̀ báyìí. Ikhlas ló ń dá lu irin náà, etí rẹ̀ wà níta, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì wo ohunkóhun. Ìtọ̀ ti rin aṣọ tí ìyá rẹ̀ kó ojú ìrán rẹ̀ síta. Nínú gbogbo àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀, Fáìzàh nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ara rẹ̀, ó ń sunkún.

Rùkáyà gba òòlù. Òòlù kúrò, ọwọ́ ọmọ náà sì ń lọ sókè sódò síbẹ̀.

"Ìyá Ikhlas, ẹ wò ó," ni Alhaji wí. "Kò di etí mọ́. Ẹ̀rù ti tán."

Orúnkún Rùkáyà fẹ́ tẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀. Kò jẹ́ kó tẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì dúró gbagidi níwájú Alhaji.

"Ọmọ mi ni, sà."

Ìyàlẹ́nu ńlá ló jẹ́ fún Alhaji. "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kúnlẹ̀, tí ẹ ní ọmọ mi ni?"

"Èmi ni mo sọ ọ́," ni Rùkáyà wí. Ó gbé ọmọ náà jáde.

Alhaji kò parọ́. Ikhlas kò di etí mọ́. Àwọn ará ilé kejì tan jẹnẹrétọ̀, kò mira. Kò kọrin, kò béèrè àǹtí, bí wọ́n bá sì pe orúkọ rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Rùkáyà mọ̀ọ́mọ̀ ju ọmọrí ìkòkò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ òun pariwo. Ọmọ náà kò tiẹ̀ wo ilẹ̀. Nígbà tí Àǹtí Julianah ti Iléṣà dé, ó jókòó tì í pẹ́, ó rọra fọwọ́ kan tábìlì bí Fáìzàh ṣe máa ń ṣe, ó tún kàn án. Nígbà tó dìde, ó ní òun á máa wá lójoojúmọ́, àmọ́ kò lè wo ojú Rùkáyà.

Lọ́jọ́ Ajé, Rùkáyà mú un dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ikhlas jókòó sábẹ́ tábìlì tí wọ́n ń gé aṣọ lé, láàárín àkísà. Nígbà tó di àkókò ìsinmi, irin dún láti ilé-ìwé. Ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà gbéra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu afẹ́fẹ́, ó ń bá irin náà lọ. Rùkáyà kúrò nídìí màṣíìnì, ó rá wọ abẹ́ tábìlì. Ó mú ọwọ́ Ikhlas méjèèjì, ó fi bo etí ọmọ náà, ó sì dì wọ́n mú bẹ́ẹ̀ títí irin fi dákẹ́. Nígbà tó jọ̀wọ́ ọwọ́ náà, wọ́n já bọ́ sórí àkísà.