Ìbọ̀sẹ̀ Nínú Ihò Atẹ́gùn

Noreen ti ọwọ́ bọ abẹ́ fóòmù tí wọ́n sùn lé. Ìgbà tó máa fà á jáde, omi ń kán níka rẹ̀.

"Hedley, wá fọwọ́ kàn án fúnra rẹ."

"Mo ti rí i."

"O ò tíì rí nǹkan kan. Bí fóòmù yìí bá tún rin láàárọ̀ ọ̀la, ọkùnrin ará Hexham tó fẹ́ rà á yẹn á fa karafáànì yìí lọ lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò ní í tìtorí pé ìwọ fẹ́ máa wo òkun kí n wá húkọ́ kú."

Ó wá tún bú sí ikọ́.

Karafáànì náà, ilé kékeré onítáyà méjì tí wọ́n ń fi ọkọ̀ fà kiri, ni ayọ̀ Hedley Charlton. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ òkúta, kò tún sí ohun mìíràn tó ń mú un dìde lórí àga. Bí wọ́n bá tà á, àga náà ló kù.

Ní etí òkun Northumberland tiwa níbí, afẹ́fẹ́ kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà. Hedley mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó kọjú ilẹ̀kùn sókun kó lè máa jókòó mu tíì níwájú ìgbì. Ìjì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí àna tó wá gba gbèsè. Noreen ní òtútù ń pa òun. Hedley bá ti fèrèsé òrùlé pa, ó di àgọ́ aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pinpin, ó sì ki ìbọ̀sẹ̀ bọ àwọn ihò atẹ́gùn tó wà nílẹ̀ ilé. Ó rò pé òun ti ṣe ọkọ nìyẹn. Wọ́n ń se omi nínú ilé, wọ́n ń sá aṣọ òjò síbẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń mí mọ́jú. Ilé tí kò bá rí ọ̀nà mí, yóò làágùn.

Noreen gba ọ̀dọ̀ Dilys Pugh lọ, obìnrin ará Wales tí karafáànì tirẹ̀ tẹ̀ lé tiwọn nínú pápá tí àwọn onígbafẹ́ ń dúró sí.

"Dilys, ẹ jọ̀ọ́, kí la ṣe tí kò dáa?"

"Kò sí o. Ibi tẹ́ ẹ wà mà dára."

"Mo ti fẹ́ ta ilé yìí, ẹ má fi dídùn pa mí."

Dilys wo ajá rẹ̀, ó tún wo òkun. "Ó dáa, ẹ̀yin náà lẹ béèrè. Imú ilé, ibi tí ọkọ̀ ti ń fà á, ló yẹ kó kọjú sí ìjì, kí ilẹ̀kùn sá sẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wa la rí i lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dé."

"Gbogbo yín! Ẹ wá ń mu tíì, ẹ ń wò wá níran?"

"Ṣé ká wá máa kọ́ ọkọ ọlọ́kọ níṣẹ́ ni? Kò bójú mu."

"Ikọ́ tí mò ń hú lóru ńkọ́, ṣé ìyẹn bójú mu?"

"À ń gbọ́ ọ. Ajá mi gan-an ò rí oorun sùn."

Àwọn àgbà wa ti wí i: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Àmọ́ lọ́dọ̀ àwọn èèyàn yìí, ó sàn kí ajá má sùn ju kéèyàn tọ́ aládùúgbò sọ́nà láìjẹ́ pé ó béèrè.

Hedley fárígá nígbà tí Noreen ní kó yí ilé náà padà. "Kí n wá tú àgọ́ palẹ̀ lójú gbogbo ayé?"

"Gbogbo ayé ti rí ọ tipẹ́," Noreen ní. "Tú u."

Ó tú u. Ọkùnrin kan wá bá a di òpó mú, ni àwọn tó kù bá dé tàwọn ti ife tíì lọ́wọ́. Ẹnu tó ti dákẹ́ látọjọ́ yìí wá là: fà á sọ́tùn-ún, gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè, rọra o! Ojú Hedley pọ́n bí epo. Noreen kúnlẹ̀, ó ń fa ìbọ̀sẹ̀ yọ.

"Hedley! Ìbọ̀sẹ̀ tí mo wá títí!"

Dilys ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ má tún dí ibẹ̀ láé. Bí gáàsì ìdáná bá jò, ilẹ̀ ló ń sá lọ, ihò yẹn ló sì máa gbà jáde. Ikọ́ kọ́ ni yóò pa yín nígbà yẹn."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Noreen jí pẹ̀lú fìlà onírun lórí, imú rẹ̀ tutù. Fèrèsé òrùlé ṣí díẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ fóòmù. Hedley ń wo àjà, kò mí.

"Ó gbẹ," Noreen ní. "Ibi ẹsẹ̀ rẹ ló ṣì tutù díẹ̀."

Hedley dìde jókòó.

"Pe ará Hexham yẹn."

"Kí n ní kó máa bọ̀?"

"Ní kó má wulẹ̀ fi epo ọkọ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n mi ò rí òkun mọ́ o, ẹ̀yìn ilé Dilys ni mò ń wò."

Hedley ò gbọ́ apá kejì. Ó ti ń wá fóònù kiri abẹ́ ìrọ̀rí.