Ta Ló Pa Ọmọ Òwìwí?

Eku bíi mẹ́rin nà gbalaja sábẹ́ àpótí òwìwí tó wà lára ògiri àká ọkà. Odidi eku ni, kò sí ẹyọ kan tí nǹkan fi ẹnu kàn. Obìnrin tó ń ṣọ́ àwọn ẹyẹ náà fi igi yí wọn padà, ó sì pinnu lójú ẹsẹ̀ pé májèlé ni. Ta ní kó tún bi léèrè? Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àká wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń ráhùn lójoojúmọ́ pé eku ń dá àpò ọkà òun lu, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gé àwọn igi ńlá tó ní ihò tán, àpótí pákó ni wọ́n ń kàn sókè kí òwìwí lè rí ibi yé sí. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni láti máa gun àkàbà lọ yẹ̀ wọ́n wò: ẹyin mélòó, ọmọ mélòó, èwo ló sanra, èwo ló rù. Àwọn òṣìṣẹ́ àká sọ ọ́ ní Ìyá Ẹlẹ́yẹ. Wọn á pè é tán, wọn á máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, kì í sì í bá wọn jà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ yìí náà ló bá a bẹ ọ̀gá pátápátá kí wọ́n tó gbà á láyè. Àdéhùn wọn ni pé ẹnikẹ́ni ò ní lo májèlé mọ́, torí òwìwí tó bá jẹ eku tó jẹ májèlé, òun náà ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Nínú gbogbo àpótí rẹ̀ lọ́dún yìí, eléyìí nìkan ló ní ọmọ. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àká lóru ló sì pè é láàárọ̀ yẹn pé òun ò rí ìyá ẹyẹ kó jáde mọ́.

Obìnrin náà já wọ àgbàlá níbi tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ń wọn ọkà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa wọ́n! Ẹ̀yin lẹ bá mi dá àdéhùn, ẹ wá lọ ra májèlé lẹ́yìn mi!”

“Májèlé wo, ìyàwó wa?”

“Àwọn eku tó wà nílẹ̀ yẹn, ṣé oorun ni wọ́n ń sùn?”

Òṣìṣẹ́ kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ọ̀gá rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín mì.

“Mi ò ra májèlé kankan.”

“Irọ́ lẹ pa!”

Ẹyin lọ̀rọ̀, eléyìí sì balẹ̀, ó fọ́ yángá. Ìyàwó ilé kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ ní òpùrọ́ ní kọ̀rọ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ níwájú àwọn tó ń pàṣẹ fún. Ọkùnrin náà lọ gbé àkàbà, ó gbé e ti ògiri.

“Gòkè lọ wò ó,” ó ní. “Mo dì í mú.”

Ìbínú ló gbé obìnrin náà dé àárín àkàbà. Ó kù díẹ̀ kó dé ìdí àpótí ló rí aṣọ dúdú kan tó há gádígádí sẹ́nu ihò àpótí.

Bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyí: kí wọ́n tó ṣí ìdérí, wọn á fi aṣọ dí ẹnu ihò, kí ìyá má baà bẹ̀rù fò jáde kó kọ ọmọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe tán, wọn á yọ ọ́. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ó ti dé ìdérí padà tán nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ilé ìwé ni, ọmọ rẹ̀ ṣubú, apá rẹ̀ dá. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà kò yé òun fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣọ ò sì sí lọ́kàn rẹ̀ rárá. Ó ti di ọjọ́ kẹta báyìí. Lálaalẹ́ ni bàbá ẹyẹ ń gbé eku wá, kò rí ọ̀nà wọlé, ó sì ń já a sílẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Obìnrin náà gun ìyókù àkàbà dé ìdí àpótí. Ó yọ aṣọ náà. Ìyá ẹyẹ já jáde, ó fi ìyẹ́ gbá a lójú, ó sì fò kọjá òrùlé lọ. Obìnrin náà ṣí ìdérí. Ọmọ mẹ́ta ti gan. Ọ̀kan ń mí.

“Kí lo rí?” Ẹ̀gbọ́n ló ń bi í láti ìsàlẹ̀.

Ó lè ki aṣọ náà bọ àpò, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ láéláé. Kí n má purọ́ fún yín, ó rò ó. Ojú ń tì í, ẹ̀rù ń bà á, àánú àwọn ọmọ ẹyẹ náà sì ń ṣe é.

“Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo pa wọ́n!” Ó pariwo kí gbogbo àgbàlá lè gbọ́. “Aṣọ mi ni mo gbàgbé sẹ́nu ihò. Ẹ̀yin kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ nínú eruku ọkà.

“Dìde,” ẹ̀gbọ́n ní. “Ṣé ọ̀kan ṣẹ́kù?”

“Ọ̀kan, sà.”

Wọ́n jọ dúró títí ilẹ̀ fi ń ṣú, wọ́n ń wò bóyá ìyá àti bàbá ẹyẹ máa padà wá. Bàbá ẹyẹ dé pẹ̀lú eku lẹ́nu. Ó bà sẹ́nu ihò, ó wọlé, ó sì jáde láìsí eku lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

“Ó ti bọ́ ọ!” ẹ̀gbọ́n pariwo, inú rẹ̀ dùn. “Ọmọ ti rí oúnjẹ!”

Omi dà lójú obìnrin náà. “Ọmọ yẹn ò tíì lè ya ẹran fúnra ẹ̀, sà. Ìyá ló máa ń ya á sí i lẹ́nu.”

Àwọn méjèèjì gbójú sókè wo òrùlé. Ìyá ò sí níbẹ̀.

Ó tún gun àkàbà. Nínú àpótí, ọmọ ẹyẹ náà fara ti odidi eku tó tóbi jù ú lọ, ó sì ń ké pé ebi ń pa òun. Obìnrin náà ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ya ẹran wẹ́wẹ́ sí i lẹ́nu.