Ohun Tí Olóṣùwọ̀n Ò Wọ̀n

Irun orí ọkọ Oníkéèkì ti ń re láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó ń bá irun náà jà àfi ọkọ náà fúnra rẹ̀. Iwájú ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí omi odò lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, títí àtàrí fi bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ẹni ọdún méjìdínlógójì péré ni. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù lọ́wọ́ èèyàn láti fi ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn, òun ló máa ń wọn ẹrù kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀. Olóṣùwọ̀n ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí àtàrí ti ń dán, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ di Bàbá Olóṣùwọ̀n, "Bàbá" tí wọ́n fi kún un yìí sì ń gún un lọ́kàn bí ẹ̀gún.

Ìyàwó rẹ̀, ká sòótọ́, kò rí ohun tó burú nínú orí náà. Inú ilé ló ti ń ṣe kéèkì tó ń gbé lọ fún àwọn ọ́fíìsì àdúgbò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Oníkéèkì. Tó bá ti fẹ́ wọ ilé ìdáná láàárọ̀, á kọ́kọ́ fọwọ́ pa ọkọ rẹ̀ lórí, á ní, "Ẹ fi sílẹ̀ jàre, orí yín wù mí bẹ́ẹ̀." "Ẹ" ló máa ń pè é. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti fẹ́ra, kò pè é ní "o" rí, àní bí wọ́n bá ń jà. Ọdún mẹ́fà yẹn náà ni wọ́n fi ń wá ọmọ. Oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Ẹ̀kẹta ló wọ oṣù kẹrin yìí, Oníkéèkì sì ń rìn bí ẹni tó gbé abọ́ ẹyin sórí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gbé kéèkì jáde bó ṣe máa ń ṣe, àṣé ọ́fíìsì tó ń gbé e lọ ò ṣí. Ó yí padà. Nígbà tó débi ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó bá ọkọ rẹ̀ tó tẹrí ba sórí pátákó tó fi ń po fùláwà, tó di ọ̀bẹ rẹ̀ kékeré mú. Hóró oògùn kan ló kù lórí pátákó. Ọkùnrin náà gé e sí méjì, ó tún gé ìlàjì kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ó fi ìka kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìgò, ó wá fẹnu fẹ́ lẹ́búlẹ́bú tó ṣẹ́ kù dànù, fúù, lórí pátákó kan náà.

"Kí lẹ ń gé níbẹ̀ yẹn?"

Ọkùnrin náà ta gìrì. "Haà, o ti dé? Fítámì ni."

"Fítámì wo lèèyàn ń fi ọ̀bẹ gé lórí pátákó fùláwà mi?"

Irọ́ ò tíì mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀. Ó ní oògùn irun ni. Ó ní àwọn àgbàlagbà tí ìtọ̀ ń yọ lẹ́nu ni wọ́n ṣe hóró ńlá yìí fún, pé ti irun kéré sí i, àmọ́ oògùn kan náà ni. Béèyàn bá ti gé e sí mẹ́rin, ó ti di ti irun nìyẹn. Sátidé sí Sátidé, tí ìyàwó bá ti gbé kéèkì jáde, ló máa ń gé èyí tó máa lò lọ́sẹ̀ náà.

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù méjì."

Oníkéèkì wo orí ọkọ rẹ̀. Oṣù méjì gbáko, ẹyọ irun kan ò hù. Ohun tó kọ́kọ́ bí i nínú ni pé ọkọ òun fi nǹkan pa mọ́ fún òun. Èkejì ni pé oṣù méjì yẹn gan-an ni ọkùnrin yìí ti ń kọ ẹ̀yìn sí i lórí bẹ́ẹ̀dì, tí òun ìyàwó sì ń rò pé ikùn òun tó ń yọ ni ò wù ú wò mọ́. Ó ti dúró níwájú dígí lọ́pọ̀ ìgbà tìtorí rẹ̀. Ó ti sunkún sí i.

"Ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀ ńkọ́?" ló bi í. Ẹni tó ń fi nǹkan sẹ́nu ọlọ́mọ, tó ń ka ara páálí bọ́tà àti ti ṣúgà kó tó dà á, kò lè ṣe kó má béèrè ìwé.

Ọkùnrin náà mú un wá látinú báàgì tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Nínú ìwé pélébé yẹn ni wọ́n ká ìwé mìíràn sí, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń wọn ẹrù ní ọ́fíìsì wọn. Bí ọkùnrin yìí ṣe máa ń ṣe gbogbo nǹkan láyé rẹ̀ nìyẹn: á fa ìlà sáàárín ìwé, á kọ èrè sí apá kan, á kọ ewu sí apá kejì, èyí tó bá tẹ̀wọ̀n jù ló máa tẹ̀ lé. Ó ti wọn ilé tí wọ́n ń gbé bẹ́ẹ̀, kó tó gbà á. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó wọn ìyàwó gan-an kó tó fẹ́ ẹ.

Lábẹ́ èrè, ó kọ ọ́ pé: Irun lè padà. Wọn ò ní pè mí ní Bàbá mọ́. Ọmọ mi ò ní bá mi láyé ní apárí.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn fẹ́ rọ ìyàwó nínú. Ó wá ka apá kejì.

Nǹkan ọkùnrin lè má dìde dáadáa. Níwájú rẹ̀, ó kọ: Mo lè fara dà á. Ìfẹ́ sí obìnrin lè dín kù. Ó kọ: Ìyàwó ti lóyún, kò sí ìkánjú. Ọmú lè wú. Ó kọ: Màá ra ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì lè bá èèyàn. Ó kọ: Ta ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì ju apárí lọ? Nísàlẹ̀ pátápátá ló wá kọ ọ́ pé: Kí obìnrin tó lóyún má fọwọ́ kan hóró tó bá ti fọ́. Níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó mọ́ tónítóní, ó kọ: Kò kàn mí.

Oníkéèkì kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó ṣí ìwé oògùn gangan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé bó bá wọ ara aláboyún, tó bá jẹ́ ọmọkùnrin ló wà nínú, ó lè ṣàkóbá fún bí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ á ṣe dá.

Ó wo pátákó. Fùláwà funfun, oògùn funfun. Sátidé sí Sátidé tó bá ti dé, ọwọ́ lásán ló fi ń gbá orí pátákó yẹn kó tó po tọ̀sán. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó rí fùláwà lábẹ́ èékánná. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fọ ọwọ́, ó tún un fọ̀, ó fi kànìnkànìn ha á títí ẹ̀yìn ọwọ́ fi pọ́n. Ó wá yíjú padà.

"Ìwọ yìí," ló wí.

Ọkùnrin náà mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, torí kò gbọ́ "ìwọ" lẹ́nu rẹ̀ rí.

"O mọ̀ pé mo lóyún."

"Mo mọ̀, àmọ́ èmi ni mo ń lò ó, ara mi ni mo..."

"O mọ̀ pé orí pátákó yìí ni ọwọ́ mi máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀!"

"Mi ò ronú débẹ̀. Ọlọ́run gbọ́, mi ò ronú débẹ̀."

"O ronú dé ọmú! O ronú dé ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀! Ọmọ tó wà nínú mi lo ò ronú dé?"

Ó gbé pátákó náà, pátákó tó ti ń lò kí wọ́n tó fẹ́ra, ó fi lu etí tábìlì, ó là sí méjì. Ó kó o pẹ̀lú gbogbo kéèkì tó gbé padà, ó dà wọ́n sínú ìdọ̀tí. Àwọn àgbà ní bí a bá ń gégi nígbó, ká fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Ọkùnrin yìí ò tiẹ̀ rí igi náà kó tó gé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n lọ bá apòògùn tó wà ní ìkángun àdúgbò. Ó ní hóró tí kò fọ́ ò ní wàhálà, torí wọ́n ti fi nǹkan bò ó lára. Èyí tó fọ́ ni kí aláboyún sá fún. Ó ní èyí tó kan ọwọ́ lè kéré gan-an, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má ṣe ọmọ. "Àmọ́ mi ò lè búra fún yín, mà." Dókítà sọ ohun kan náà lọ́jọ́ Ajé. Ó ní kí wọ́n padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, wọn á ya àwòrán inú, wọn á wò ó fínnífínní.

Ọkùnrin náà pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé kó bá òun bẹ ìyàwó. Ìyá yìí ló ti ń pe oyún náà ní "bàbá mi" láti ọjọ́ tó ti gbọ́ nípa rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ṣé ìbínú ò da nǹkan fúnni. Sùúrù ni baba ìwà."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ bá mi bi ọmọ yín ta ló ní kó máa bá orí jà."

"Mo ti bi í! Apárí ni bàbá rẹ̀, apárí ni bàbá bàbá rẹ̀, kò sí ìkankan nínú wọn tó kú àpọ́n. Àmọ́ kí ni oògùn náà lè ṣe fún ọmọ?"

Oníkéèkì sọ fún un. Ohùn ìyá lọ sílẹ̀.

"Ṣé ọmọkùnrin nìkan ló ń ṣe?"

"Ọmọkùnrin nìkan, mà."

Obìnrin tó máa ń fi àdúrà gígùn parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọjọ́ yẹn kò ṣe ẹyọ kan. Ó ní ó dàárọ̀, nígbà tóòrùn ṣì wà lókè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn gùn ju ọdún mẹ́fà lọ. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà jáde nínú balùwẹ̀ pẹ̀lú orí tó ń dán bíi gíláàsì. "Mo ti fá a," ló wí, bí ẹni mú ẹ̀bùn wá.

"Orí ta lo fá? Ṣé orí ló ṣẹ̀ mí ni? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o."

Ó da oògùn tó kù nù, ó ra pátákó tuntun, ó ń fọ abọ́, ó ń gbálẹ̀. Kò sí èyí tó pa iná inú ìyàwó rẹ̀. Èyí tó wá bí i nínú jù ni ohun tó gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá tó ṣí díẹ̀. Ọkùnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀. "Olúwa, jọ̀ọ́, kó jẹ́ obìnrin. Sáà jẹ́ kó jẹ́ obìnrin." Ọkùnrin tó ti ra ṣòkòtò kékeré méjì àti bọ́ọ̀lù! Oníkéèkì dúró síbẹ̀, ó gbá ilẹ̀kùn náà mọ́ ọn, ògiri sì mì.

Ọjọ́ pé. Obìnrin tó ń ya àwòrán inú ní kó dùbúlẹ̀, ó fi nǹkan tútù pa á níkùn. Ọkọ jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Wọ́n gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù kìkìkì.

"Ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Rárá," ni ọkọ wí. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni ìyàwó wí, ohùn méjèèjì pàdé.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin ni. Ẹ kú oríire o."

Ó wò wọ́n, ó tún wo lẹ́tà tí dókítà fi ránṣẹ́ sí i, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ó pé?" ni Oníkéèkì bi í. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ṣé ó pé?"

Obìnrin náà gbé ẹ̀rọ síbí, ó gbé e sọ́hùn-ún. Ó pẹ́. "Dókítà á tún wò ó, tẹ́ ẹ bá sì bímọ tán, wọn á tún yẹ̀ ẹ́ wò, torí àwòrán kì í sọ gbogbo nǹkan tán. Àmọ́ ohun tí mo rí lónìí, mà, ó pé. Gbogbo ẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà." Ó fún un ní ìnura, ó jáde lọ fi èsì ránṣẹ́.

Oníkéèkì bú sẹ́kún. Ọkọ rẹ̀ fò dìde, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé orí rẹ̀ tó ń dán. "Ọlọ́run ṣeun o! Ṣé o rí i? Ṣé o rí i báyìí? Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀!"

Ẹkún náà dá. Oníkéèkì nu ikùn rẹ̀, ó fa aṣọ sílẹ̀, ó na ọwọ́ sínú báàgì rẹ̀. Fọ́ọ̀mù wíwọn ẹrù ló mú jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń gbé e kiri. Ó fa ọkọ rẹ̀ jókòó padà, ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀, ó fi bírò lé e.

"Fa igi lé 'Kò kàn mí' yẹn. Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀."

"Kí ni kí n kọ?"

"Kọ ọ́ pé ìwọ nìkan kọ́ lo kúnlẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀. Níbi tí mo ti ń po fùláwà, níbi tí mo ti ń wẹ̀, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́fà wá, mo bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ ẹni tó jẹ́. Ó sì wà nínú mi níbí, ó ń gbọ́ mi."

Ọkùnrin náà mú bírò, ó fa igi lé 'Kò kàn mí'. Oníkéèkì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò ó, kò dìde títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.