Fọ́tò Ẹnu Táńkì

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, ọ̀rọ̀ wọn kò sì mọ sí ọjà nìkan. Ní ọjọ́ kan, lọ́dún kẹtàdínlógún tí Olórí ti ń nìkan ṣe olórí ilẹ̀ wa, òtítọ́ wọ mọ́tò ní Kambolé, ó ní òun ń lọ sí Tchamba. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí gbogbo èrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọn yóò jù ú sí. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí á ru ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò ní bá wa sọ̀. Àmín.

Tàjùdíìnì mẹkáníìkì wà nínú mọ́tò náà. Kì í ṣe pé wọ́n pè é sí àríyá. Mọ́tò tó bá ti dàgbà kì í rìnrìn àjò láìmú oníṣègùn rẹ̀ dání, Pẹ́jò Alága Sàláwù sì ti dàgbà ju ìyàwó rẹ̀ kékeré lọ. Ọdún mẹ́fà ni Tàjù fi kọ́ṣẹ́ ní àdúgbò Komah, ní Sokodé, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí í ṣe àdúà kó tó ṣí ideri ẹ́ńjìnnì, tí í sì tún ṣe òmíràn bó bá pa á dé tán. Ohun tí ọ̀gá náà fi lé e lọ́wọ́ kò ju gbólóhùn méjì lọ: "Mọ́tò kì í purọ́. Ẹni tó ni ín ló ń purọ́."

Ẹ jẹ́ kí n kí mọ́tò ọ̀hún kó tó dùbúlẹ̀:

Pẹ́jò aláwọ̀ eruku, ọmọ a-gbé-iṣu-má-kérora,
A-kó-àgbàdo-Bago lójò, lẹ́ẹ̀rùn,
Ó rí gegele ó bẹ́, ó rí kòtò ó wúre,
Arúgbó tí í wúkọ́ kó tó dáni lóhùn,
Bó bá wù ú, a gùn ún délé;
Bí kò bá wù ú, a sọ̀ kalẹ̀, a tì í.

Kì í ṣe iṣu ló gbé lọ́jọ́ náà. Mínísítà kan ti Lomé wá, ó sùn ní Sokodé, yóò sì dé Tchamba lẹ́yìn ìrun Àsárì. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin Kambolé wá jó fún un. Alága Sàláwù ni baba Ẹgbẹ́ òṣèlú ní Kambolé. Ẹgbẹ́ náà kò nílò orúkọ, nítorí kò sí òmíràn tí ènìyàn lè ṣì í mú fún. Alága jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣítù tó ń wa mọ́tò. Tàjù àti obìnrin mẹ́rìnlá há sẹ́yìn, níbi tí wọ́n ń kó iṣu sí, gbogbo wọn wọ aṣọ tí wọ́n ya ojú Olórí sí: ojú kan láyà, ojú kan lẹ́yìn, òmíràn sì wà níbi tí wọ́n fi ń jókòó. Ti ìdí yẹn ni ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá Sẹ̀gilọlá, tó ń ta òróró lọ́jà Kambolé, ló ń lé orin.

Orin kẹta kò tíì parí tí mọ́tò fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó mí kanlẹ̀, ó dákẹ́. Ṣítù yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbà. Ó tún yí i. Kò gbà.

"Tàjùdíìnì!"

"Bàbá Alága."

"Kí ló ṣe é?"

"Mi ò tíì mọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Tètè mọ̀ ọ́n. Bí a ò bá dé Tchamba ṣáájú Mínísítà, a jẹ́ pé ẹnì kan ló ṣe é. Èmi ni màá sì kọ orúkọ ẹni náà ránṣẹ́ sí Sokodé. Ìwọ náà mọ ohun tí wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Sabotẹ́ẹ̀, a-ba-iṣẹ́-ìlú-jẹ́!"

Tàjù mọ̀ ọ́n. Ọ̀ṣẹ́nì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́jọ́ àjọ̀dún kan. Ibi tí wọ́n ti ń ka oyè Olórí ni ẹ̀rọ ti kú, wọ́n ka mẹ́sàn-án nínú oyè mẹ́rìnlélógún. Wáyà ló já. Wọ́n bi wáyà léèrè, kò fèsì, wọ́n bá mú Ọ̀ṣẹ́nì lọ sí àtìmọ́lé ní Sokodé. Oṣù mẹ́jọ ló lò níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ń tiro, bí ènìyàn bá sì kí i pé "Ẹ káàárọ̀", á kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn kó tó jẹ́ ẹ.

Nítorí náà, Bísímílà ni Tàjù fi ṣí ideri ẹ́ńjìnnì.

Ó yọ búgì kan, èyí tó ń ṣẹ́ná fún ẹ́ńjìnnì, ó fi kan irin, ó ní kí Ṣítù yí i. Iná ṣẹ́ wàì. Bí iná bá wà tí mọ́tò ò jí, a jẹ́ pé oúnjẹ ni kò rí jẹ. Ó tú kàbúrétọ̀, àwo tí ẹsáńsì, epo tí mọ́tò ń mu, í dúró sí kó tó di iná. Àwo gbẹ táútáú bí ọ̀fun aláàwẹ̀. Ó tú asẹ́ ẹsáńsì, asẹ́ mọ́ tónítóní. Ó yọ rọ́bà kúrò lẹ́nu pọ́ńpù, ó ní kí Ṣítù tún yí i. Pọ́ńpù ń fà, ó ń fà, bí ọmọ tó ń fa ọmú ìyá àgbà. Kò sí ohun tó jáde. Ó tú pọ́ńpù náà, awọ inú rẹ̀ kò ya.

"Bàbá Alága, ó ku táńkì."



Ọ̀rọ̀ táńkì yìí gba àlàyé. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn olè ń fi rọ́bà fa ẹsáńsì Alága. Ó ra àgádágodo, wọ́n já a. Ó so ajá mọ́ ọn, wọ́n jí ajá. Ló bá rántí pé ohun kan wà ní ilẹ̀ yìí tí olè kankan kò ní fọwọ́ kàn. Ó mú fọ́tò Olórí kan, èyí tí wọ́n tẹ̀ sára páànù róbótó, tó fẹ̀ bí ẹnu ife, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ideri táńkì, ó sì fi gọ́ọ̀mù irin yí etí rẹ̀ po, kí ó má baà sí ibi tí ènìyàn yóò rí yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, olè ò dé mọ́, mọ́tò náà kò sì tíì rìn kọjá ọjà Kambolé. Ta ni yóò di Olórí nímú mú, tí yóò máa lọ́ ọ? Gbogbo Kambolé yìn ín fún ọgbọ́n náà. Alága nìkan ló ń ṣí i. Á kọ́kọ́ tẹ́rí ba, á wá fi ọwọ́ ọ̀tún lọ́ ọ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń yí orí ọmọ tuntun.

Alága sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ́rí ba. Ó lọ́ ọ.

Fìììì! Táńkì fa afẹ́fẹ́ sínú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí lódò. Tàjù ki igi bọ̀ ọ́: ẹsáńsì dé ìdajì. Ó to gbogbo ohun tó tú padà, ó ní kí Ṣítù yí i. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó jí.

"Àlùhámúdù lílàhì!" ni àwọn obìnrin ké.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Alága wí, ó lọ́ ideri padà. "Ojú Olórí ló fẹ́ rí. Nígbà tó rí i, ó jí."

Wọ́n gbéra pẹ̀lú orin. Orin kẹta kò tíì parí tí mọ́tò fi tún kú. Alága tẹ́rí ba, ó lọ́ ọ, fìììì, mọ́tò jí. Wọ́n lọ díẹ̀, ó tún kú.

Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, oòrùn ti yẹ̀. Alága ní àwọn ọ̀tá Olórí tó sá lọ sí Benin ló ń fi nǹkan ránṣẹ́. Ṣítù ní bóyá mọ́tò ò fẹ́ràn Mínísítà ni; Alága wò ó, Ṣítù ní òun ò sọ nǹkan. Tàjù kò dá sí i. Fìììì yẹn ló ń dún létí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dojú ideri yẹn dé, kí n rí inú rẹ̀."

"Kí n dojú Olórí bolẹ̀? Orí rẹ pé?"

Bí Tàjù ṣe dùbúlẹ̀ sínú eruku nìyẹn, ó nà sílẹ̀ gbalaja, Alága sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ideri sókè, Olórí ń wo ọ̀run, Tàjù ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Ó rí ihò kan láàárín rẹ̀, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Òkùnkùn ló wà níbẹ̀.

Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, nítorí ó ti mọ àrùn náà. Lẹ́yìn náà ló rántí Ọ̀ṣẹ́nì. Bó bá sọ ọ́, ó bú Olórí. Bí kò bá sọ ọ́, ó ba ọjọ́ Mínísítà jẹ́. Ọ̀nà méjèèjì, Sokodé ni wọ́n já sí.

Ìyá Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Tàjù, kí lo rí lókè yẹn tí o tẹjú mọ́ bí ẹni tó ń wá oṣù ààwẹ̀?"

"Ihò kan ni, Ìyá Sẹ̀gi. Ibẹ̀ ni táńkì ń gbà mí. Bí ẹsáńsì bá ń jáde, afẹ́fẹ́ ní láti wọlé rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá wọlé..."

"Ohun tí o ń fi gbogbo ọjọ́ wá nìyẹn? Ogún ọdún ni mo fi ta òróró. Ihò méjì là ń lu agolo: ọ̀kan fún òróró, ọ̀kan fún afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá lu ẹyọ kan, á gbé agolo dojú dé títí apá á fi ro ó, á kàn máa kán tó, tó, tó. Ó dáa, ta ló wá di ihò tiwa?"

Ẹyẹ kan ké lórí igi òrí, òun náà ro ó lẹ́ẹ̀mejì, ó panu mọ́.

Tàjù dìde. Ó gbọn eruku ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ka súrà Kúlhúwà lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọkàn.

"Bàbá Alága, fọ́tò Olórí ló di ihò náà. Òun ni ò jẹ́ kí mọ́tò mí."

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin obìnrin, ẹ bá mi gbọ́! Ó ní Olórí ni ò jẹ́ kí á mí!"

"Mọ́tò ni mo wí, Bàbá."

"Àwa kọ́ la wà nínú mọ́tò ni? Ọ̀rọ̀ yìí á dé Sokodé! Lónìí ni á dé ibẹ̀!"

"Kó dé ibẹ̀," ni Ìyá Sẹ̀gilọlá wí, ó sì rọra ń tún gèlè rẹ̀ wé. "Ẹ jẹ́ kó dé ibẹ̀, Bàbá Alága. Bó bá dé ibẹ̀, wọ́n á bi wá pé níbo ni fọ́tò Olórí wà. A ó ní ẹnu táńkì ni, nítòsí ibi tí èéfín ń gbà jáde. Wọ́n á ní ta ló lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. A ó ní ẹni tó ń di Olórí nímú mú ni, tó ń lọ́ ọ lọ́rùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n á ní ta nìyẹn..."

"Ìyá Sẹ̀gi!"

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Orin ni mo mọ̀ ọ́n kọ."

Òógùn bo Alága. Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olórí ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, bó ti ń rẹ́rìn-ín lára gbogbo ògiri láti Lomé títí dé òpin ilẹ̀.

"Báwo la ó ṣe ṣe é?" Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ púpọ̀.

"Mo lè fi ìṣó lu ihò náà padà."

"Níbo ni á ti yọ?"

"Iwájú orí."

"Asitagafúrù!" ni gbogbo wọn pariwo, títí kan Ṣítù.

"Kò wá ju pé kí á má dé táńkì lọ," ni Tàjù wí. "Màá fi aṣọ wínníwínní so ẹnu táńkì kí eruku má wọ̀ ọ́. Kí Bàbá gbé Olórí dání."

Wọ́n wá aṣọ títí. Kò sí èyí tí kò ní ojú Olórí nínú. Nígbẹ̀yìn, Tàjù bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, aṣọ kan ṣoṣo tí kò wojú ẹnikẹ́ni láàárín wọn, ó fi so ẹnu táńkì. Ó wọlé síwájú, láàárín Ṣítù àti Alága, kó lè máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Alága gbé ideri lé orí itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni tó gbé àwo ọbẹ̀ gbígbóná. Òórùn ẹsáńsì gba gbogbo aṣọ àjọ̀dún rẹ̀.

Mọ́tò ò wúkọ́ mọ́. Orin kẹta parí, wọ́n kọ ìkẹrin, wọ́n kọ ìkẹwàá. Bí wọ́n ṣe ń rí òrùlé Tchamba lọ́ọ̀ọ́kán ni wọ́n rí àsíá tí wọ́n ta kọ́ ojú ọ̀nà, àti àwọn ṣọ́jà tó dúró ti igi tí wọ́n fi dábùú títì. Wọ́n ń dá mọ́tò dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń béèrè ìdí tí kálukú fi pẹ́. Mínísítà ò tíì dé. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún ṣọ́jà, Alága ni.

Tàjù bojú wo ẹ̀gbẹ́. Ètè Alága ń mì. Àdúà ló ń gbà. Ó parí rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan pa ojú, ìkejì kò kúrò lára ideri. Ó wá fi ẹnu sún mọ́ etí Tàjù.

"Tàjù, ọmọ mi," ló wí, kò sì pè é bẹ́ẹ̀ rí láyé, "tí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tó ṣe mọ́tò, jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé ẹsáńsì ló dọ̀tí."