Gáàsì Tí Kò Gbiná

"Ẹ má ṣí i," Taeseop wí láti inú rédíò. "Bọ̀dá, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ti wà lára ilẹ̀kùn."

Jonggil gbé ọwọ́ kúrò.

Sílíńdà tí Taeseop ń pààrọ̀ ló wó lé e lẹ́sẹ̀ nínú yàrá gáàsì, ẹnu sílíńdà náà sì ya. Gáàsì náà ń dún ṣìì. Siléènì ni, èyí tí wọ́n fi ń bo ojú páànẹ̀lì oòrùn ní ilé iṣẹ́ wọn ní ìlú Eumseong. Bó bá ti kan afẹ́fẹ́, ó sábà máa ń gbiná fúnra rẹ̀. Iná yẹn kì í dẹ́rù bà wọ́n púpọ̀; wọn a fi í sílẹ̀ kó jó tán. Èyí tó jáde tí kò gbiná, bíi ti òní, ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ńṣe ló ń kóra jọ sínú yàrá, kó tó bú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá wọlé lè jẹ́ ẹni tó máa jí i.

Jonggil ni ọ̀gá wọn. Òun ló fẹ́ Okhui, ẹ̀gbọ́n Taeseop. Òun ló mú Taeseop wọ iṣẹ́ náà.

"Ṣé o ò lè fa ẹsẹ̀ yẹn yọ?"

"Ẹsẹ̀ ti gbọ́ pé a máa ṣe kimchi lọ́la, ó kọ iṣẹ́." Taeseop rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lọ́dọọdún ni ẹbí wọn ń pé jọ láti fi ata po kábéèjì oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní kimchi. "Ẹ bá mi sọ fún Àǹtí mi pé n ò ní lè wá gbé kábéèjì."

"Wá sọ ọ́ fúnra rẹ. Ọ̀lẹ."

"Èmi lọ̀lẹ? Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ata nìkan lẹ máa ń tọ́ wò lọ́dọọdún."

Jonggil wẹ̀yìn. Àwọn panápaná wà lẹ́yìn ògiri ní òkèèrè. Olórí wọn mi orí pé rárá.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ti lọ sẹ́yìn ògiri?"

"Mo ti lọ."

"Irọ́ ni. Mo ń gbọ́ ṣìì yẹn nínú rédíò yín. Àǹtí mi ò gbọdọ̀ sunkún èèyàn méjì. Ẹ máa lọ."

Jonggil lọ.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀yìn ògiri nígbà tí ariwo gáàsì náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni yàrá náà bú gbàmù.

Eruku funfun bo gbogbo àgbàlá bí ìyẹ̀fun. Bí gáàsì yẹn bá jó, iyanrìn kíkúnná ló ń dà. Wọ́n gbá a sínú àpò.

Lọ́jọ́ kẹta, kábéèjì kimchi ṣì wà nínú omi iyọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé Okhui. Kò yẹ kó ju òru kan lọ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́.