Bàbá Obòkun

Ohun àkọ́kọ́ tí Ọdúntán bèèrè ní èbúté Ẹ̀pẹ́ ni aago tí ọkọ̀ yóò gbéra. Amos tó ni ọkọ̀ wo ojú ọ̀run, ó wo ojú omi, ó ní ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá dé ni. Ọdúntán yọ aago àpò rẹ̀, ó wò ó, ó dá a padà sápò. Kò tún bèèrè nǹkan mìíràn. Ó ti mọ irú àwọn ènìyàn tí òun bọ́ sọ́wọ́ wọn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé rélùwéè ní Òṣogbo kó tó fẹ̀yìn tì ní 1953, kò sì sí ọkọ̀ ojú irin kan tó wọlé tàbí tó jáde lójú rẹ̀ tí kò kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Ní Òkè-Fìà tó kọ́lé sí, ìyá tó bá rí i níbi tó ti ń ti ilẹ̀kùn láàárọ̀ mọ̀ pé ọmọ òun ti pẹ́ dé ilé ìwé nìyẹn. Lọ́rì mẹ́ta ló wọ̀ láti Òṣogbo dé Ẹ̀pẹ́. Gbogbo wọn ló pẹ́, ṣùgbọ́n ojú kúkú ti àwọn awakọ̀ wọn díẹ̀. Ojú kò ti Amos rárá. Ó jókòó sórí pákó èbúté, ó ń fi ẹja gbígbẹ mu gààrí.

Irun orí àti èékánná ọmọ rẹ̀ ni Ọdúntán ń lọ gbà. Bándélé nìkan ló bí. Ó ń bá ilé iṣẹ́ kan wọn gẹdú tí wọ́n ń kó gba ojú omi, lápá ibi tí ọ̀sà ti fẹ́ já sí òkun, omi sì gbé e lọ nígbà tí Kérésì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí lẹ́tà tó dé Òṣogbo, wọ́n ti rí òkú rẹ̀, wọ́n sì ti sin ín. Béjidé, akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà, kọ ọ́ pé wọ́n gé irun àti èékánná rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó wà nípamọ́ de bàbá rẹ̀. Àwọn ẹbí ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ti gbẹ́ ilẹ̀ kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ibojì Làbákẹ́, ìyá ọmọ náà, wọ́n sì ti fi ìsìn sí ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́ Ajé nìyí. Ọdúntán ti ṣe ìṣirò rẹ̀ sórí ìwé: ọjọ́ Ìṣẹ́gun òun yóò dé ọ̀dọ̀ Béjidé, Ọjọ́rú òun yóò padà, Ọjọ́bọ̀ òun yóò wà ní Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ Ẹtì òun yóò wọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Kò sí ọjọ́ kan níbẹ̀ tí ènìyàn lè fi ṣòfò.

Lẹ́tà tí Bándélé kọ kẹ́yìn wà lápò kan náà pẹ̀lú aago. Ọmọ náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ará omi ti sọ òun ní orúkọ kan tí yóò pa Bàbá lẹ́rìn-ín, òun yóò sọ ọ́ tí òun bá wálé Kérésì, òun yóò sì mú ẹ̀rí rẹ̀ dání. Nínú lẹ́tà yẹn náà ló ti sọ pé òun ti rí obìnrin tí òun fẹ́ fẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọdúntán kò dá lẹ́tà náà lóhùn.

Nígbà tí Amos jẹun tán, ó bèèrè ibi tí Bàbá ń lọ. Ọdúntán ní ọ̀dọ̀ Béjidé ni, nítorí ọmọ òun tó kú sómi. Okùn tó wà lọ́wọ́ Amos bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ni Bàbá Obòkun?"

"Ìjẹ̀ṣà ni mí," ni Ọdúntán wí. "Gbé ẹrù mi sọ́kọ̀."

Kò jẹ́ tuntun sí i. Ní rélùwéè náà, bí àwọn ará Ọ̀yọ́ bá fẹ́ fi Ìjẹ̀ṣà ṣẹ̀fẹ̀, ọmọ Obòkun ni wọn yóò kọ́kọ́ pè é, wọn yóò wá rọra bọ́ sí ẹ̀fẹ̀ tó wà nínú wọn. Gbogbo ènìyàn ló mọ ìtàn Obòkun: ọmọ tó rìn láti ilé dé òkun, tó bu omi iyọ̀ wá wo ojú bàbá rẹ̀ tó fọ́. Ohun iyì ni. Kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń fi ẹja mu gààrí lórí pákó yẹ kó máa fi ṣeré.

Afẹ́fẹ́ dé nígbà tí aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méje. Amos ta ìgbòkun rẹ̀ tó kún fún àlẹ̀mọ́, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ lọ bí arúgbó tó ń wá bàtà. Ọdúntán di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú ṣinṣin. Ọ̀sà náà tẹ́ lọ bí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí lò. Ojúoró léfòó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Létí omi, àwọn igi kan gbé gbòǹgbò wọn síta, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó kọ́ wọn bí igi ṣe ń dúró. Lékeléke wà lórí wọn, wọn kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ó rò ó pé ibí yìí ni ọmọ òun yàn, ọmọ tí òun rán lọ sí ilé ìwé gíga ní Iléṣà.

Èrò kan ṣoṣo ló tún wà nínú ọkọ̀, Àdíját, oníṣòwò kan ní Ẹ̀pẹ́ tó ń lọ ra edé. Obìnrin náà kò dákẹ́. Ó bi Ọdúntán bóyá ọkọ̀ fẹ́ sá mọ́ ọn lọ́wọ́ ni tó fi dì í mú báyẹn, ó ní ọkọ̀ kì í sá fúnni, ó fún un ní ọsàn, ó tún gbà á padà nígbà tó rí i pé kò fẹ́.

Wọ́n dé abúlé kìíní lọ́sàn-án. Orí òpó ni gbogbo ilé ibẹ̀ wà, omi ń kọjá lábẹ́ wọn. Ọdúntán rò pé wọn yóò kọjá ni. Amos sọ ìgbòkun kalẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ ẹnu, ó sì ké ohun kan jáde ní èdè àwọn ará omi. Ọkùnrin, obìnrin, àti ọmọdé tú jáde sórí pákó iwájú ilé. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n sì ń pè: Bàbá Obòkun, Bàbá Obòkun. Obìnrin kan ń nu ojú. Èéfín ẹja tí wọ́n ń yan ni, ni Ọdúntán sọ fún ara rẹ̀.

Àdíját rẹ́rìn-ín dé ibi tí ìborí rẹ̀ ti bọ́. "Òkìkí yín ti kàn débí, Bàbá. Ẹ̀yin ọmọ Obòkun. Bàbá ńlá yín fẹsẹ̀ rìn dé òkun, ẹ̀yin ń di ọkọ̀ mú bí ẹni di ìyàwó tuntun mú."

Ọkùnrin kan na ẹja gbígbẹ sí i láti orí pákó. Kò wo ẹja náà. Ó bi Amos bóyá abúlé yìí ni wọ́n ń lọ. Amos ní rárá. Ó bi í pé kí ni wọ́n wá ń dúró ṣe. Amos ní wọ́n fẹ́ kí Bàbá ni.

"Wọ́n ti kí mi. Wa ọkọ̀ rẹ."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní abúlé kejì, níbi tí Àdíját ti sọ̀ kalẹ̀, àti ní ẹ̀kẹta, níbi tí wọ́n sùn. Gbogbo ibi tí òpó mẹ́rin bá ti gbé òrùlé kan dúró ni Amos ń yà sí. Yóò ké, wọn yóò jáde, wọn yóò pe Bàbá Obòkun, Ọdúntán yóò sì yọ aago rẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé ó ń wò ó. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé wọn kò mọ ohun tí aago wà fún. Ọmọdé kan bèèrè bóyá ẹ̀ṣọ́ ọrùn ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Amos fi àjẹ̀ há abẹ́ apá, ó sún mọ́ ọn. Ó ní, "Bàbá, ọmọ yín yẹn, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa..."

"Ọkọ̀ ni mo wọ̀," ni Ọdúntán wí. "N kò wọ ìtàn."

Amos padà sí ìdí ọkọ̀.

Nígbà tí oòrùn ń sún mọ́ àtàrí, wọ́n dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní Òkè-Iyanrìn. Òkìtì iyanrìn funfun kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ibi gbígbẹ kan ṣoṣo tí Ọdúntán ti rí láti àná. Amos kò ké lọ́tẹ̀ yìí. Obìnrin kan ti ń tu ọkọ̀ kékeré bọ̀ wá pàdé wọn. Aṣọ dúdú ló ró, irun rẹ̀ wà ní gígé. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ wọn, ó gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kò fẹ̀ ju pátákó ìkọ̀wé lọ, ọkọ̀ náà kò sì mì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé agolo kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ funfun dì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ pẹ́. Obòkun nìkan ni Ọdúntán gbọ́ níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Ẹja ni àwọn tó kù gbé wá. Kí ló dé tí èyí tún fi aṣọ funfun di tirẹ̀?

"Sọ fún un pé n kò gbà á," ló wí fún Amos. "N kì í jẹ nǹkan wọn."

"Bàbá, ẹ gbà á. Ṣé ohun tó sọ yé yín?"

"Ó yé mi ju bí ó ṣe yé ọ lọ. N kò fẹ́. Sọ fún un."

Amos wò ó. Lẹ́yìn náà ó sọ gbólóhùn kan fún obìnrin náà, kúkúrú. Obìnrin náà kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ọdúntán yí ojú sí apá kejì omi títí ìgbòkun fi gba afẹ́fẹ́. Láti ibẹ̀ lọ, Amos kò yà síbì kankan mọ́. Ó sì dùn mọ́ Ọdúntán pé ó ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ níkẹyìn.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ Béjidé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó dọ̀bálẹ̀ lórí pákó tó tutù. Ó kí Bàbá kú ìrọ́jú, kú ìrìn, ó gbé àga sílẹ̀. Ọdúntán kò jókòó. Ó ní kí ó gbé ẹrù náà wá, òun yóò padà láàárọ̀.

"Ẹrù wo, Bàbá?"

"Irun ọmọ mi àti èékánná rẹ̀."

Béjidé wo ọwọ́ Bàbá, ó wo àpò Bàbá, ó wo Amos. "Phebe kò pàdé yín lójú ọ̀nà ni? Mo ti ránṣẹ́ sí i pé ẹ ń bọ̀. Òun ló gé e, òun ló yẹ kó fi lé yín lọ́wọ́."

"Ta ni Phebe?"

"Ìyàwó Obòkun."

"Obòkun wo?"

Béjidé dà bí ẹni tó ń wá bí yóò ṣe sọ ọ́ fún àgbàlagbà láìrí i fín. "Ọmọ yín ni, sà. Ta ló mọ̀ ọ́n sí Bándélé níhìn-ín? Nígbà tó dé, kò lè jókòó sínú ọkọ̀ láìbì, síbẹ̀ ìtàn Obòkun ló ń sọ fún wọn lálaalẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fojú kan òkun, ó rìn wọnú rẹ̀ tòun ti bàtà, ó bu omi sínú ìgò, ó ní ti Bàbá òun ni. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ti mọ́ ọn lórí. Gbogbo abúlé tó wà létí ọ̀sà yìí ló máa ń bá kọ lẹ́tà, kò gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Wọn kò ní jẹ́ kí ẹ kọjá láìkí yín."

Ọdúntán jókòó.

Ó yíjú sí Amos. "Kí lo sọ fún un?"

"Ohun tí ẹ rán mi. Mo ní Bàbá Obòkun ní òun kò gbà á." Amos ń ká okùn mọ́ ọwọ́. "A rò pé ó yé yín. Ẹ ní ó yé yín. A ní bóyá nítorí pé wọ́n fẹ́ ara wọn láìsọ fún yín ni."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Bí akọ̀wé ìwé ìrìnnà ṣe máa ń sọ fún ẹni tó pẹ́ pé ọkọ̀ ti lọ ló ṣe sọ ọ́. Ọdúntán mọ ohùn náà. Tirẹ̀ ni.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n padà sí Òkè-Iyanrìn. Wọ́n rí Phebe lórí òkìtì, níwájú ibojì kan tí wọ́n fi ìkarawun yí ká. Ẹ̀gbẹ́ kan lára iyanrìn náà ṣì tutù, ó dúdú ju ìyókù lọ. Amos bá a sọ̀rọ̀, ó sì túmọ̀ èsì rẹ̀. Phebe ní ohun tí bàbá bá kọ̀ kì í sùn nínú ilé, kí àárẹ̀ má bàa mú òkú. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, òun ti gbẹ́ ilẹ̀, òun ti kó irun àti èékánná tọ ẹni tó ni ín. Bí Bàbá bá ní kí òun hú u, òun yóò hú u.

Phebe ń wo Ọdúntán bó ṣe ń sọ ọ́. Ìwò tí wọ́n ń wo ẹni tó pẹ́ ni, kò sì fara pa mọ́. Ọdúntán ti fi í wo ènìyàn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n láti ẹ̀yìn fèrèsé ọ́fíìsì, ẹnikẹ́ni kò sì tíì fi wo òun rí.

"Kó má hú u," ló wí.

Lẹ́yìn náà, ó yọ fìlà, ó bèèrè bóyá ìgò náà ṣì wà.

Phebe kò dúró kí Amos túmọ̀ rẹ̀. Ó wọlé, ó gbé ìgò kan jáde, ìgò òróró tí wọ́n fi kùkù àgbàdo dí lẹ́nu. Omi inú rẹ̀ ti mọ́ lókè, iyanrìn díẹ̀ sì sùn sí ìsàlẹ̀. Lórí bébà tó lẹ̀ mọ́ ọn, Bándélé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: *Fún ojú Bàbá.* Ẹ̀fẹ̀ ni. Ká ní Kérésì ni Ọdúntán rí i, ó ṣeé ṣe kí ó bínú sí i.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bí wọ́n ṣe gbé e fún un.

Nínú ọkọ̀, ó gbé ìgò náà lé itan, ó sì fi ọwọ́ tó máa ń fi di ọkọ̀ mú dì í. Amos ta ìgbòkun. Ó ní bí afẹ́fẹ́ bá dúró báyìí, tí àwọn kò bá yà síbì kankan, ó ṣeé ṣe kí Bàbá ṣì bá Sátidé rẹ̀.

"Yà níbi gbogbo tí o ti yà," ni Ọdúntán wí.

"Sátidé ń kọ́?"

"Wọn yóò dúró."

Nígbà tí òpó abúlé tó kàn yọ, Amos kò ké. Àwọn ènìyàn rí ọkọ̀ náà, wọn kò pàtẹ́wọ́. Ìròyìn ohun tí Bàbá kọ̀ ti ṣáájú wọn débẹ̀. Ọdúntán gbé ìgò mọ́ àyà, ó dìde dúró nínú ọkọ̀ tó ń mì, ó sì sọ fún wọn fúnra rẹ̀ ẹni tí òun jẹ́.